Irú òdòdó róòsì wo ló yẹ ọgbà ilé ní Àjàṣẹ́?

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi, mo kí yín o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lọ́dọ̀ yín lórí òdòdó róòsì. Àyè kan wà níwájú ilé wa, láàárín ògiri àti ọ̀nà àbáwọlé, tó fẹ̀ tó mítà 6 sí 3, mo sì fẹ́ kó jẹ́ pé róòsì ni àlejò yóò kọ́kọ́ rí bó bá ṣí ilẹ̀kùn. Igi méjì tí mo rà lẹ́bàá títì lọ́dún tó kọjá dára púpọ̀ nígbà tí wọ́n dé, òdòdó wọn pupa, ó sì tóbi tó àtẹ́lẹwọ́. Nígbà tí òjò ńlá dé, àbàwọ́n dúdú róbótó tí etí rẹ̀ kò gún régé bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú ewé wọn, ewé náà di àwọ̀ ìyeyè, ó sì ń já bọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, títí ó fi ku ọ̀pá àti ẹ̀gún nìkan.

Ilẹ̀ pupa ni ilẹ̀ wa, oòrùn ń ta síbẹ̀ láti àárọ̀ títí di nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, omi kànga ni a sì ń lò. Ṣé ilẹ̀ wa ni kò gba róòsì ni, àbí irú èyí tí mo rà ni kò bá ibí mu? Irú wo gan-an ni kí n wá?

Bàbá Ọlọ́gbà, Kétu:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ilẹ̀ yín kò jẹ̀bi, oòrùn yín náà sì tó, nítorí wákàtí 6 ni róòsì ń fẹ́ lójúmọ́. Àrùn àbàwọ́n dúdú ni ẹ ṣàpèjúwe yẹn. Olú wẹ́wẹ́ kan tí ojú lásán kò lè rí ló ń fà á, kò sì rọrùn fún un láti wọ ara ewé àfi bí ewé náà bá wà ní tútù fún nǹkan bí wákàtí 7. Ẹ wá wo Àjàṣẹ́ lóṣù kẹfà: òjò yóò rọ̀ lálẹ́, ọ̀rinrin ọ̀sà yóò kún inú afẹ́fẹ́, ilẹ̀ yóò sì mọ́ bá ewé ní tútù.

Nítorí náà, ewé ni kí ẹ máa fi yan róòsì, ẹ má fi òdòdó yàn án. Èyí tí ẹ rà yẹn, tí òdòdó rẹ̀ tóbi tó sì ń dá dúró lórí ọ̀pá gígùn, ó jọ ìran róòsì tí wọ́n sábà máa ń ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí La France, tí wọ́n mú jáde ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1867. Ẹwà òdòdó ni wọ́n wá jù lọ nígbà tí wọ́n ń bí púpọ̀ nínú ìran náà, ilẹ̀ tútù ni wọ́n sì ti ṣe é. Ìran àtijọ́ tó ti Ṣáínà wá yàtọ̀. Kí ó tó dé Yúróòpù ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ róòsì ibẹ̀ ń tanná, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì nílò òtútù kí wọ́n tó lè rudi dáadáa. Ti Ṣáínà kò bèèrè òtútù. Níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ bá móoru, yóò máa tanná, yóò sinmi díẹ̀, yóò tún tanná. Old Blush wà lára wọn, òdòdó rẹ̀ kéré, àwọ̀ rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú. Mutabilis náà wà lára wọn: àwọ̀ ìyeyè ló fi ń ṣí, yóò di pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bó bá pẹ́ díẹ̀, kó tó pọ́n gan-an nígbẹ̀yìn, débi pé ẹ lè rí àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí igi kan náà. Nínú àwọn tuntun, Knock Out tí William Radler bí ní Amẹ́ríkà, tó jáde lọ́dún 2000, gbajúmọ̀ nítorí pé àbàwọ́n dúdú kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i gbé ṣe.

Àwọn tó ń tajà lẹ́bàá títì kì í sábà mọ orúkọ, ẹ má sì jẹ́ kí ìyẹn dà yín láàmú. Bí òjò bá ń parí lọ, ẹ rìn yí àdúgbò yín ká, kí ẹ wo agbo ilé àtijọ́ tí róòsì ti pẹ́ níbẹ̀. Èyí tí ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ lẹ́yìn òjò ni kí ẹ tọrọ ẹ̀ka rẹ̀. Kò sí igi ọjà tí mo lè fi dípò irú igi bẹ́ẹ̀.

Àbúrò Olùgbìn, Àjàṣẹ́:

Òótọ́ ni Bàbá sọ. Bí ẹ bá tilẹ̀ máa rà lọ́jà, ẹ wo ìdí igi náà dáadáa. Bí ẹ bá rí kókó kan tó wú níbẹ̀, a jẹ́ pé ẹ̀ka igi kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò òmíràn. Ọ̀mùnú tó bá yọ láti ìsàlẹ̀ kókó yẹn kì í ṣe ti igi tí ẹ rà, ti gbòǹgbò ni, ẹ fà á ya kúrò láti ìdí, nítorí bí ẹ bá kàn gé e, yóò tún hù, yóò sì gba oúnjẹ mọ́ èkejì lẹ́nu.

Kí ihò jẹ́ ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 50 ní fífẹ̀ àti ní jíjìn, kí ẹ po ilẹ̀dú tó ti jẹrà dáadáa mọ́ ilẹ̀ pupa náà. Bó bá jẹ́ ìgbẹ́ adìẹ ni ẹ ní, ẹ jẹ́ kó jẹrà pátápátá kí ẹ tó lò ó, torí tútù rẹ̀ máa ń jó gbòǹgbò. Ẹ má da eérú sídìí rẹ̀ lójoojúmọ́ bí a ti ń ṣe fún ẹ̀fọ́. Ilẹ̀ tó kan díẹ̀, bí ọsàn ṣe ń kan, ni róòsì fẹ́ràn, eérú sì máa ń pa kíkan ilẹ̀. Ẹ fi mítà kan sáàárín igi kan àti èkejì, kí ẹ sì jìnnà sí ògiri kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá. Ìdí igi ni kí omi máa lọ, ní àárọ̀, ẹ má bu omi sórí ewé.

Àǹtí Sábẹ:

Àbúrò, mo gbà pẹ̀lú yín, àfi ti omi orí ewé yẹn. Ní Sábẹ níbí, bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, àwọn aláǹtakùn wẹ́wẹ́ pupa máa ń kó sábẹ́ ewé, ojú ewé yóò di hẹ́bẹhẹ̀bẹ bí ẹni pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un, okùn wọn tínrín yóò sì ta kọjá láàárín ẹ̀ka. Omi tí a fi agbára fọ́n sí abẹ́ ewé ló ń lé wọn. Ẹni tó bá bẹ̀rù omi nígbà ọyẹ́, igi rẹ̀ yóò gbẹ lójú rẹ̀.

Bàbá Ọlọ́gbà, Kétu:

Ẹ̀yin méjèèjì ló tọ̀nà, àkókò ló yàtọ̀. Lásìkò òjò, ẹ pa ewé mọ́ ní gbígbẹ. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fọ abẹ́ ewé ní kùtùkùtù òwúrọ̀, kí oòrùn lè gbẹ ẹ́ kó tó di ọ̀sán. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bu omi sí ewé róòsì ní ìrọ̀lẹ́, ì báà jẹ́ Àjàṣẹ́ tàbí Sábẹ.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́:

Ẹ ṣeun gidigidi. Róòsì kan wà ní agbo ilé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ti wà níbẹ̀ kí n tó wọlé ọkọ, ewé rẹ̀ sì wà lára rẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Báwo ni kí n ṣe gé e? Kí ni kí n sì ṣe sí àwọn méjì tó wà nílẹ̀?

Àbúrò Olùgbìn, Àjàṣẹ́:

Ẹ yan ẹ̀ka tí òdòdó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, tó nípọn tó pẹ́ńsù, kí ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, kó ní ojú mẹ́rin ó kéré tán. Ẹ já ewé rẹ̀, kó ku méjì lókè, kí ẹ ri ojú méjì mọ́lẹ̀ nínú iyanrìn tí a pò mọ́ ilẹ̀dú. Dídúró ni kó dúró, ẹ má ṣe dà á dùbúlẹ̀ bí ọ̀pá ẹ̀gẹ́. Ẹ gé ìdí ike omi kúrò kí ẹ fi bò ó, ẹ gbé e sí ibòji, kí ẹ sì máa wo ilẹ̀ rẹ̀ kó má gbẹ. Ó lè gba oṣù kan sí méjì kó tó ta gbòǹgbò, nítorí náà ẹ má máa fà á wò. Ẹ gé bíi mẹ́fà, nítorí gbogbo wọn kọ́ ni yóò yè.

Ní ti àwọn méjì yẹn, ẹ ṣa gbogbo ewé tó já bọ́, ẹ sun ún, ẹ má kó o sínú ilẹ̀dú, nítorí àrùn náà máa ń sá pamọ́ sínú rẹ̀. Bí òjò bá dáwọ́ dúró, ẹ gé wọn dé orúnkún, kí ẹ gbé wọn lọ sí ibi tí oòrùn ti ń tètè yọ sí wọn. Bí wọ́n bá tún já ewé lásìkò òjò tó ń bọ̀, ẹ fa wọ́n tu, kí ẹ fi ọmọ igi ẹ̀gbọ́n ọkọ yín rọ́pò wọn.