Items inú ComboBox: kí lojú yín ti rí?

Àjàní: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi C# (èdè ìkọ̀wé ètò kọ̀ǹpútà) kọ Windows Forms (ojú ètò orí Windows), ẹ wá sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nídìí Items, ìyẹn àkójọ ohun tí èèyàn lè yàn nínú àpótí ComboBox. Ẹ jẹ́ n fi èyí ṣíde: DataSource (list tí àpótí náà ti ń mú nǹkan) ti wà lórí ComboBox, ẹ tún lọ pe Items.Add láti fi nǹkan kún un. Àṣìṣe ArgumentException ló máa yọ, pé Items kò ṣeé yí padà nígbà tí DataSource bá wà: "Items collection cannot be modified when the DataSource property is set." Inú list tẹ́ ẹ so mọ́ ọn gan-an ni kẹ́ ẹ fi nǹkan kún.

Bísí: Tó bá jẹ́ List<T> lásán, ẹ fi kún un títí, kò ní hàn. BindingList<T> ló ń ta ComboBox lólobó pé nǹkan tuntun dé.

Dótun: Òótọ́ pọ́ńbélé.

Mọ́rẹ̀nikẹ́: Yíyọ nǹkan kúrò ló le jù. Ẹ fi foreach (tó ń mú nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan) yọ ọ́, àṣìṣe InvalidOperationException ló máa yọ. Ẹ fi for lọ láti 0, á máa fo nǹkan: bẹ́ ẹ bá yọ ti 2, ti 3 á bọ́ sí ipò 2, bẹ́ẹ̀ i, nọ́ńbà ipò tá a wà, ti kọjá síbi 3. Ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ ti máa bọ̀ (cb ni ComboBox náà):
for (int i = cb.Items.Count - 1; i >= 0; i--)

Túnjí: Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba àmì ohùn. Ẹ kọ orúkọ ìpínlẹ̀ tàmì-tàmì sínú Items, kẹ́ ẹ wá fi IndexOf (tó ń sọ ipò nǹkan) wá "Ọ̀yọ́". Ó lè fún yín ní -1, ìyẹn ni pé kò rí i, Ọ̀yọ́ sì rèé nínú àpótí. Ìdí ni pé Ọ̀ kan jẹ́ U+1ECC àti U+0300 (nọ́ńbà Unicode fún lẹ́tà àti àmì), òmíràn jẹ́ O, U+0323 àti U+0300. Ojú wa rí ọ̀kan náà, string (ọ̀rọ̀ bí kọ̀ǹpútà ṣe tọ́jú rẹ̀) rí méjì. Ẹ pe Normalize(), tó ń sọ wọ́n di irú kan náà, kẹ́ ẹ tó fi sínú Items, kẹ́ ẹ tún pè é kẹ́ ẹ tó wá a.

Bísí: Kí lẹ ń wá orúkọ fún? Ẹ fi nọ́ńbà sí ValueMember (iye tí ètò ń lò), kẹ́ ẹ jẹ́ kí orúkọ wà ní DisplayMember (ohun tó ń hàn lójú).

Túnjí: Fáìlì CSV (àtẹ tí wọ́n fi kọ́mà pín) tí wọ́n bá gbé wá kì í sábà ní nọ́ńbà. Orúkọ nìkan ló ń bá wa dé.

Bísí: Ẹ fún un ní nọ́ńbà kó tó wọlé nígbà náà. Orúkọ á yí padà, nọ́ńbà kò ní yí.

Mọ́rẹ̀nikẹ́: Túnjí ló jàre níbi tèmi. Kẹ́ ẹ tó lè mọ nọ́ńbà tó yẹ, orúkọ náà lẹ máa kọ́kọ́ wá.

Dótun: Ẹ ṣọ́ra fún FindString, tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú Items o, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìkan ló ń wò. "Ibadan North" lè gbé "Ibadan North-East" fún yín bó bá wà lókè. FindStringExact, tó ń wo odidi ọ̀rọ̀, ni kẹ́ ẹ lò.

Rónkẹ́: Bísí, ValueMember tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn, òun àti DisplayMember ni kó ṣáájú DataSource. Bí DataSource bá ṣáájú, SelectedIndexChanged (ìkéde pé ohun tá a yàn ti yí padà) á ti ṣẹlẹ̀, SelectedValue (iye ohun tá a yàn) á sì gbé odidi object fún yín dípò nọ́ńbà.

Adé: Ẹ jọ̀ọ́, ComboBox méjì lórí list kan: bí mo bá yan nǹkan nínú ọ̀kan, èkejì ń tẹ̀ lé e.

Rónkẹ́: Wọ́n jọ ń lo ibi ìdúró kan náà lórí list yẹn ni. Fún ìkejì ní new BindingContext() (ohun tó ń tọ́jú ibi ìdúró náà) tirẹ̀, kó o tó so DataSource mọ́ ọn.