Ibùsùn 6, ìtọ́jú ọ̀fẹ́: ta ni yóò dáhùn bí ẹjọ́ bá dé?

Bàbá Ìjọ, Àjàṣẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ lókè òkun o. Ẹgbẹ́ wa fẹ́ ṣí ilé oníbùsùn 6 fún àwọn tí dókítà ti ní kò sí oògùn mọ́, àfi kí a máa dín ìrora wọn kù. A ò ní gba fàráǹkì kan. Ṣé ẹni tí a tọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́ náà lè pè wá lẹ́jọ́? Báwo ni àwọn hospice, irú ilé báyìí, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ṣe asiráǹsì tiwọn?

Nọ́ọ̀sì Kétu, Leeds: Ẹ kú ilé, bàbá. Ọ̀fẹ́ kì í dí ẹjọ́. Níbí, láti oṣù keje 2014, nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tí kò ní asiráǹsì tàbí ààbò tó máa san owó ẹjọ́ kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́. Tí ilé tó gbà á síṣẹ́ bá ti rà á fún un, ó tó. Ti ọsibítù NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, àpò kan tí wọ́n ń pè ní CNST ló ń san án. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 2013 ni wọ́n ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún àwọn ilé tí kì í ṣe ti ìjọba, ṣùgbọ́n ìtọ́jú tí NHS gbé fún wọn nìkan ló bò. Èyí tí owó ìtọrẹ ń gbé, ilé náà ló máa ra ìwé asiráǹsì tirẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣìṣe: nọ́ọ̀sì kan náà, aláìsàn méjì, ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ bi àwọn tó ń tà á léèrè: ṣé ọdún tí àṣìṣe ṣẹlẹ̀ ni ìwé yìí ń wò, àbí ọdún tí ẹjọ́ dé? Tó bá jẹ́ ọdún tí ẹjọ́ dé, tí ẹ sì dá a dúró lónìí, ẹjọ́ tó bá dé lọ́dún tó ń bọ̀, ọrùn yín ló wà, àfi tí ẹ bá ra àfikún tí wọ́n ń pè ní run-off. Ọdún 3 ni wọ́n fún olùpẹjọ́ níbí, láti ìgbà tó ti mọ̀ pé wọ́n pa òun lára. Ti ọmọdé kì í bẹ̀rẹ̀ títí yóò fi pé ọdún 18.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, Lyon: Ní orílẹ̀-èdè Benin tí ẹ wà, òfin CIMA ni, òfin asiráǹsì tí àwọn orílẹ̀-èdè kan ní Áfíríkà jọ ń lò. RC ni asiráǹsì tó ń san owó fún ẹni tí ẹ bá ṣèèṣì pa lára. Ẹ má gba RC exploitation nìkan: ẹni tó yọ̀ ṣubú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà fún. Ti abẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣì gún, RC professionnelle ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn sínú rẹ̀, àti ìtọ́jú tí ẹ bá lọ ṣe nílé aláìsàn. Ìwé ò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí ẹ ó fi sanwó. Iye ọjọ́ tí ẹ ní láti fi ìṣẹ̀lẹ̀ tó wọn létí wà nínú àdéhùn; kò gbọdọ̀ dín sí ọjọ́ iṣẹ́ 5.

Nọ́ọ̀sì Kétu, Leeds: Ẹ tún ṣọ́ ẹ̀bùn o. Pousse-seringue, ẹ̀rọ tó ń ti oògùn inú sírínjì wọ ara aláìsàn díẹ̀díẹ̀, àtijọ́ méjì wà tí wọ́n jọra bí ìbejì: MS16A aláwọ̀ búlúù ń ka mìlímítà tí sírínjì ń wọlé fún wákàtí kan, MS26 aláwọ̀ ewé ń kà á fún wákàtí 24. Ẹ fi 48 sórí aláwọ̀ ewé, mọ́fíìnì (oògùn ìrora) ọjọ́ kan ni. Ẹ fi 48 kan náà sórí búlúù, wákàtí kan péré ni gbogbo rẹ̀ máa fi wọlé. Oṣù Kejìlá 2010 ni wọ́n kìlọ̀ níbí pé kí wọ́n máa kó irú wọn kúrò. Èyí tó ń ka mílílítà, ìwọ̀n omi oògùn fúnra rẹ̀, ni kí ẹ gbà.

Bàbá Ìjọ, Àjàṣẹ́: Búlúù kan wà nínú páálí tí wọ́n fi ránṣẹ́. A ó yọ ọ́ sọ́tọ̀.