Ta ló ń jẹ dátà mi lóru? Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin ará Èkìtì

Ìyá Aláṣọ: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ẹgbẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, inú ń bí mi. Ṣé bí wọ́n á ṣe máa ja àwa oníṣòwò lólè nìyí? Àná ni mo ra dátà, mo ní kí n fi polówó àwọn léèsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ilẹ̀ òní ò tíì mọ́ dáadáa tí wọ́n ti ránṣẹ́ sí mi pé ó ti tán. Ta ló lò ó? Èmi tí mo ti sùn láti aago mẹ́sàn-án! Oníbàárà mi kan ní Ìkọ̀lé ní kí n fi fídíò aṣọ ránṣẹ́, nǹkan roboto kan ló kàn ń yí lójú fóònù títí obìnrin náà fi lọ rà á lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ọ̀rẹ́ mi sì ni ẹlòmíì yẹn tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Àmì nẹ́tíwọ̀kì kún dẹ́nu o! Ráútà 5G, ẹ̀rọ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì fún fóònù, ni mo ń lò, Adó ni mo ti rà á, ọmọkùnrin tó tà á fún mi búra pé eré ló ń sá. Ìgbà tí mo padà lọ bá a, iyán ló ń jẹ, kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ṣé kí n yí nẹ́tíwọ̀kì padà ni àbí kí n lọ fẹjọ́ wọn sùn?

Ọmọ Ọ̀mùò: Olè ni gbogbo wọn, màmá. Láti ìgbà tí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì, ti gbà wọ́n láyè ní oṣù kìíní ọdún 2025 láti fi kún owó wọn, tó lè dé ìdá 50 nínú 100, dátà ò pẹ́ lọ́wọ́ èèyàn mọ́.

Túnfóònùṣe Ajílósùn: Ẹ̀gbọ́n, owó ló lọ sókè, GB tí wọ́n fi ń wọn dátà, ìwọ̀n rẹ̀ ò dín kù. Màmá, ẹ dá mi lóhùn: GB mélòó lẹ rà? Àwọn wo ló ń lò ó? Ibo lẹ gbé ráútà sí?

Ìyàwó Olùkọ́, Ìjerò: 5G yẹn ni o. Ó máa ń jẹ dátà ju 4G lọ. Ọkọ mi rà á, nígbà tí ojú wa rí màbo, a padà sí 4G, ara tù wá.

Túnfóònùṣe Ajílósùn: Mà, GB kan, GB kan náà ni, ìbáà jẹ́ 3G, ìbáà jẹ́ 5G. Fídíò tó bá jẹ́ 100 MB níbí, 100 MB ni lọ́hùn-ún. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé tí ọ̀nà bá ti já geere, YouTube àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á fúnra wọn gbé àwòrán tó mọ́ jù síta, èyí tó mọ́ yẹn ló wúwo. Ẹ fi í sí 480p, èyí tí kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá kò ní pẹ́.

Bàbá Ìdó: Ṣebí 5G yìí náà ni wọ́n ní ó mú kòrónà wá. Ẹ má gbé òpó nẹ́tíwọ̀kì wọn súnmọ́ ilé tèmi o.

Akẹ́kọ̀ọ́ EKSU: Ẹ forí jì mí sà. 2020 ni kòrónà dé Nàìjíríà, 2022 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta 5G fún ará ìlú. Ṣé kòrónà dúró dè é ni? Òpó tí ẹ ò fẹ́ yìí ni kò sí nítòsí tí ẹ fi ń jáde síta kí ẹ tó lè pe ọmọ yín.

Bàbá Ìdó: Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?

Ìyá Aláṣọ: Ẹ má sọ ọ̀rọ̀ mi di ti kòrónà o. 20 GB ni mo rà. Èmi àti ọmọbìnrin tó ń bá mi tajà nìkan ló ń lò ó, WhatsApp náà sì ni. Inú ṣọ́ọ̀bù ni ráútà wà, kọ̀ntínà ni ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkẹ́rẹ́ níbí. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo gbé e sí, wọ́n ti jí jẹnẹrétọ̀ mi rí.

Túnfóònùṣe Ajílósùn: Ẹ ò ṣe sọ pé kọ̀ntínà ni! Irin ni gbogbo ẹ̀, irin sì ń dènà nẹ́tíwọ̀kì. Àmì tó kún lójú fóònù yín, ti Wi-Fi ni. Ó ń sọ bí fóònù ṣe súnmọ́ ráútà, kò sọ bí ráútà ṣe ń gbọ́ òpó. Ẹ gbé e sí ẹnu ọ̀nà tàbí ojú fèrèsé, kí ẹ wo iná ara rẹ̀. Tí 5G ò bá sì sí ní àdúgbò yín, 4G náà ni yóò máa gbé, orúkọ tí wọ́n kọ sára páálí kò mú 5G wá.

Ìyàwó Olùkọ́, Ìjerò: Kí ẹ kàn padà sí 4G, mo ti wí tèmi.

Akẹ́kọ̀ọ́ EKSU: Ìyẹn ṣàlàyé fídíò tí kò lọ, kò ṣàlàyé 20 GB tó lọ lóru. Màmá, ẹ wọ ojú ìwé ráútà yẹn, ẹ wo gbogbo ohun tó so mọ́ ọn.

Ìyá Aláṣọ: Mo ti ní kí ọmọ yẹn bá mi wò ó. Fóònù wa méjèèjì wà níbẹ̀. Àwọn méjì tó kù, kámẹ́rà ni. Ọmọ mi tó wà ní Jámánì ló ní kí wọ́n bá mi gbé e kọ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀. Ìyẹn ò kan dátà, kì í tẹ nǹkan kan, ó kàn ń wò ni.

Túnfóònùṣe Ajílósùn: Àáà! Màmá!

Ọmọ Ọ̀mùò: Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ̀rọ̀ kámẹ́rà látìbẹ̀rẹ̀?

Ìyá Aláṣọ: Ta ló bi mí?

Túnfóònùṣe Ajílósùn: Kámẹ́rà yẹn ń fi fídíò ránṣẹ́ tọ̀sán-tòru, dátà yín ló fi ń rán an. Ká ní 1 Mbps péré, ìyẹn mílíọ̀nù bit kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lò. Bit ni wọ́n fi ń ka iyára, byte ni wọ́n fi ń ka dátà, bit mẹ́jọ ló wà nínú byte kan. 1 Mbps yẹn yóò gbé 10.8 GB láàárín wákàtí 24. Kámẹ́rà méjì, ó lé ní 21 GB. 20 GB yín dà? Àwọn náà ló dí ọ̀nà mọ́ fídíò léèsì yín. Ẹ fi mẹ́mọ́rì káàdì sínú wọn, kó máa gbà á síbẹ̀, kí ọmọ yín máa ṣí i nígbà tó bá fẹ́ wò ó nìkan.

Ìyá Aláṣọ: Mi ò ní yọ kámẹ́rà o. Ọmọ náà ní tóun bá ti rí mi tí mo jókòó níbẹ̀, ọkàn òun balẹ̀. Ó kàn yẹ kí wọ́n má máa ka ti kámẹ́rà mọ́ dátà ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ EKSU: Wọn ò ní kí ẹ yọ ọ́, mà. Káàdì ni wọ́n ní kí ẹ fi sí i.

Ìyá Aláṣọ: Èló ni káàdì?

Ọmọ Ọ̀mùò: Síbẹ̀, olè ni wọ́n.

Ìyàwó Olùkọ́, Ìjerò: Tó bá ṣì ń tán lẹ́yìn káàdì, ẹ kọ́kọ́ pe ilé iṣẹ́ yẹn. Tí wọn ò bá gbọ́, ẹ pe NCC lórí 622, kò gba owó.

Bàbá Ìdó: Kámẹ́rà yẹn, èmi náà fẹ́ kan fún oko. Wọ́n ń jí ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi.

Akẹ́kọ̀ọ́ EKSU: Bàbá, kẹ́ ẹ tó lè máa wò ó látilé, òpó gbọ́dọ̀ wà nítòsí oko yẹn o.

Bàbá Ìdó: Kí wọ́n gbé e síbẹ̀. Oko kì í ṣe ilé.