Ṣé agbéraga ni ọkùnrin yìí, àbí bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Aníṣẹ́lọ́wọ́:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ pé inú tó ń bí mi ló máa bá mi kọ̀wé.

Ọkùnrin kan dara pọ̀ mọ́ wa níbi iṣẹ́ lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Orílẹ̀-èdè mìíràn ló wà, orí fídíò la ti ń rí ara wa. Ọ̀gá ní kí n kọ àbọ̀ nípa rẹ̀ kó tó di ọjọ́ Ẹtì, bóyá kí wọ́n gbà á síṣẹ́ pátápátá tàbí kí wọ́n jẹ́ kó máa lọ. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lánàá, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lọ́wọ́ mi ni "agbéraga". Mo pa á rẹ́. Mo tún un kọ.

Ẹ wo ohun tó ṣe. Ọjọ́ 9 ni mo fi kọ ètò iṣẹ́ kan. Mo fi ránṣẹ́ sí i, mo kí i dáadáa, mo sì yìn ín fún apá tiẹ̀ nínú iṣẹ́ náà. Èsì tó fún mi rèé, mi ò bu iyọ̀ sí i: "Rárá. Ìpín kejì kò tọ̀nà. Ẹ tún un ṣe." Kò sí "ẹ ṣeun", kò sí "ẹ kú làálàá". Tá a bá bi í ní nǹkan nínú ìpàdé, á kọ́kọ́ dákẹ́, á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹni pé a ò tó ẹni tó ń dá lóhùn.

Èyí tó wá rú mi lójú ni pé ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́, tá a jọ wá láti ibì kan náà, ní èèyàn dáadáa ni, pé kò kàn mọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀rọ̀ pamọ́ ni. Èèyàn kan náà là ń wò o!

Ògbufọ̀:
Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni màá mú, torí òun ni oúnjẹ òòjọ́ mi. Lọ́dún 2009, àwọn onímọ̀ èdè gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n wọn àlàfo tó máa ń wà láàárín ìbéèrè àti èsì nínú èdè 10. Àwọn ará Japan ló ń yára dáhùn jù, àwọn ará Denmark ló ń pẹ́ jù. Ẹ mọ ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì? Kò tó ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá. Ṣùgbọ́n etí wa mọ ibi tó yẹ kí èsì bọ́ sí. Tó bá ti fi díẹ̀ kọjá ibẹ̀, ọkàn wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn: kò fẹ́ dáhùn, ó ń wá irọ́ tó máa pa, ó ń fojú di wá.

Mo ti jókòó sáàárín àwọn méjì tí ọ̀kan ń bínú pé wọn ò jẹ́ kóun sọ̀rọ̀ tán, tí èkejì sì ń rò pé ẹni iwájú òun ò ní nǹkan kan láti sọ.

Ìbéèrè kan: ṣé èdè abínibí rẹ̀ lẹ fi ń ṣèpàdé? Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó ń túmọ̀ lọ́kàn ni. Ẹni tó ń túmọ̀ kì í wojú ẹnikẹ́ni, mo fi ara mi ṣẹ̀rí. Ògiri ni mo máa ń wò.

Màmá Ìbejì:
Ọmọ mi, ojú lọ̀rọ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú ta ni? Ọdún 19 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé bàbá rẹ̀ wá. Gbogbo ohun tí mo bi í, ilẹ̀ ló ń wò. Mo kọ ọ́ sínú fáìlì pé "ó jọ pé ó ń fi nǹkan pamọ́". Nọ́ọ̀sì tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi ka gbólóhùn yẹn, òun náà ò ka ọ̀rọ̀ ọmọ náà sí mọ́. Ọjọ́ kẹta ló tó yé mi pé níbi tí wọ́n ti tọ́ ọ, ẹni tó bá tẹjú mọ́ àgbà ló ń rí àgbà fín. Ó ń bọ̀wọ̀ fún mi ni!

Ohun tó dùn mí jù ni pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe tọ́ èmi náà. Iṣẹ́ ló kọ́ mi láti máa wo èèyàn lójú, mo sì ti gbàgbé pé ẹ̀kọ́ ni mo kọ́.

Nínú ìwé tó o fẹ́ kọ yẹn, ohun tó ṣe ni kó o kọ. Má kọ ohun tó jẹ́. "Ó fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ dáhùn" yàtọ̀ sí "agbéraga ni". Ọ̀kan nínú méjèèjì lè lé èèyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìn Tì:
Òótọ́ ni Màmá sọ nípa ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Lọ́dún 1946, Solomon Asch, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣe ẹ̀dá, to ìwà ẹnì kan lẹ́sẹẹsẹ fún ẹgbẹ́ méjì: ó gbọ́n, ó mọṣẹ́, ó ń ṣe aápọn, ó ń ṣọ́ra, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ kan ló yí padà: ó pè é ní "ọlọ́yàyà" fún ẹgbẹ́ kan, ó pè é ní "ẹni tútù" fún èkejì. Púpọ̀ jù nínú àwọn tó gbọ́ "ọlọ́yàyà" ló sọ pé ọ̀làwọ́ ni. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ nínú àwọn tó kù. (Ẹ tún wò ó: lédè tiwa, oníwà tútù, èèyàn àtàtà ni. "Tútù" tiwọn ni ẹni tí kì í yá mọ́ èèyàn.)

Lọ́dún 1984, Joan Miller, onímọ̀ bíi ti Asch, ní kí àwọn ará Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ní Íńdíà ṣàlàyé ìdí tí àwọn ojúlùmọ̀ wọn fi ṣe ohun tí wọ́n ṣe. Ìwà ẹni náà ni àwọn àgbà Amẹ́ríkà sábà máa ń dì mú. Ohun tó yí i ká ni àwọn àgbà Íńdíà máa ń wò jù. Àmọ́ àwọn ọmọ ọdún 8 ní ibi méjèèjì ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Bí wọ́n ṣe ń dàgbà ni ìyàtọ̀ náà ń fẹjú.

Ní ti ẹnì kejì yín, àṣà kọ́ ló yà yín, ṣebí ibì kan náà lẹ ti wá. Ẹ̀yin fẹ́ kí wọ́n mọyì làálàá yín. Òun fẹ́ gbọ́ òótọ́ kíákíá. Òṣùwọ̀n tó wà lọ́wọ́ kálukú ló fi wọn ọkùnrin náà.

Èmi Ò Gbà:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn àṣà. Mo mọ̀ pé bí a ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni, àmọ́ aláìníwà wà níbi gbogbo. Mo bá ọ̀gá kan ṣiṣẹ́ rí, tó bá ti bú wa tán, wọ́n á ní "bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nílùú wọn nìyẹn". Nígbà tí ẹlòmíràn dé láti ìlú yẹn gan-an, ẹnu yà á. Ó ní ta ló parọ́ yẹn fún wa?

Ẹ lọ wo bó ṣe ń kọ̀wé sí ọ̀gá. Tó bá jẹ́ "Rárá. Kò tọ̀nà" ló ń kọ sí ọ̀gá náà, ẹnu rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé oyin ló ń kán lẹ́nu rẹ̀ níbẹ̀, ẹ kọ "agbéraga", kẹ́ ẹ sì fa ìlà sábẹ́ ẹ̀.

Kékeré Inú Wọn:
Ṣé ẹnikẹ́ni ti bi ọkùnrin yìí léèrè ni?

Aníṣẹ́lọ́wọ́ (lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta):
Mo ti padà dé o. Mo tú àwọn ímeèlì tá a jọ wà nínú wọn. Mo rí èyí tó kọ sí ọ̀gá: "Rárá. Iye yìí kò pé." Mo rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n bi mí pé kí ló dé.

Mo wá pè é. Mo ní ọ̀rọ̀ tó kọ sí mi dùn mí. Ó dákẹ́ (Ògbufọ̀, mo kà dé mẹ́rin). Ó ní òun rò pé èmi ni mi ò fẹ́ràn òun. Pé mo máa ń fi ìlà mẹ́ta yin òun kí n tó sọ ohun tó bàjẹ́, òun á sì máa dúró de ibi tí ọ̀bẹ máa ti yọ. Níbi tóun ti dàgbà, ẹni tó bá ń yin èèyàn tó bẹ́ẹ̀, ó ń wá nǹkan ni. Oṣù mẹ́ta gbáko, alárékérekè ni mo jẹ́ lójú rẹ̀!

Àmọ́ Èmi Ò Gbà, ẹ jàre níbì kan. Ọmọbìnrin kan wà tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Nínú ìpàdé ọjọ́ Ajé, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọkùnrin yìí já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu, kò sì ṣe é sí ẹlòmíràn rárá. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ èdè. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́, iye ìgbà àti ọjọ́, mo sì sọ fún òun fúnra rẹ̀ pé mo kọ ọ́. Lókè rẹ̀ ni mo kọ pé kí wọ́n gbà á síṣẹ́.

Ìpín kejì yẹn? Mo ti tún un ṣe. Kò tọ̀nà lóòótọ́.