Egungun àgbọ̀n tó kán àti owó tó ń bá a rìn: ìrírí wa ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ará Ọba-Ilé, Àkúrẹ́:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ kóòdù ìwòsàn ni mò ń ṣe, láti ilé mi níbí, fún ilé iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà gba owó ìtọ́jú lọ́wọ́ ìnṣọ́ránsì. Bí dókítà bá ṣe iṣẹ́ abẹ tán, á kọ ohun tó ṣe sílẹ̀. Èmi á kà á, màá wá nọ́ńbà tó dúró fún àìsàn náà nínú ICD-10-CM, ìwé kóòdù àìsàn tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà, màá sì wá èyí tó dúró fún iṣẹ́ tó ṣe nínú CPT, ìwé kóòdù iṣẹ́ dókítà. Nọ́ńbà yẹn ni ìnṣọ́ránsì máa ń wò kí wọ́n tó sanwó. Ìdánwò CPC, ti ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ kóòdù, tí AAPC, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ kóòdù ní Amẹ́ríkà, ń ṣe, ni mo kọ́kọ́ yege, ìbéèrè 100 láàárín wákàtí 4. Aago tiwọn níbi tí mò ń bá ṣiṣẹ́ fi wákàtí 5 wà lẹ́yìn tiwa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, 6 nígbà òtútù, torí náà alẹ́ ni iṣẹ́ mi máa ń gbóná.

Ìdí àwọn oníṣẹ́ abẹ egungun ojú ni wọ́n fi mí sí. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé orúkọ egungun tó kán kò tó láti fi gbowó. Ohun tí dókítà fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sí egungun náà ló ń pinnu nọ́ńbà. Ẹ jẹ́ ká mú àgbọ̀n ìsàlẹ̀. Bó bá fi wáyà de eyín òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀, tí abẹ kò sì kan egungun, 21453 ni. Bó bá la ẹran dé orí egungun, tó to ó, tí kò de eyín, 21461 ni. Bó bá la á, tó tún de eyín, ó di 21462. Bó bá jẹ́ oríkèé àgbọ̀n lẹ́bàá etí ló là tò, 21465. Èyí tó fọ́ yángá débi pé dókítà gba ọ̀nà púpọ̀ wọlé kó tó lè tò ó, 21470. Owó wọn kò dọ́gba rárá. Ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ní tirẹ̀: bí egungun ẹ̀gbẹ́ ojú bá wọnú, tí dókítà gé ihò kékeré sínú irun ní ẹ̀bátí, tó ti irin wọlé láti gbé e sókè, 21356 ni.

Ìwé iṣẹ́ abẹ kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Mi ò ní sọ ohunkóhun nípa aláìsàn náà, òfin HIPAA tó ń dáàbò bo àṣírí aláìsàn ní Amẹ́ríkà kò gbà á, ọkàn mi náà kò sì gbà á. Lókè ìwé, dókítà kọ pé igun àgbọ̀n apá ọ̀tún ló kán. Kò sọ bóyá ojú egbò kan egungun náà tàbí kò kàn án. Ìlànà ICD-10-CM ni pé egungun tí wọn ò bá sọ nǹkan kan nípa egbò rẹ̀, ká kà á sí èyí tí kò ní egbò. S02.651A nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka àlàyé dé ìsàlẹ̀, ó kọ ọ́ pé èrìgì ti ya níbi tí egungun ti kán, pé òun fọ ibẹ̀ dáadáa kí òun tó fi pléètì, irin pẹlẹbẹ tó ń di egungun mú, lé e. Egungun tí ẹnu ti kàn, tí itọ́ ń ṣàn sórí rẹ̀, kò jọ egungun tí kò ní egbò. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, B ló yẹ kó gbẹ̀yìn nọ́ńbà yẹn, kì í ṣe A.

Àmọ́ èmi kọ́ ni dókítà. N kò gbọ́dọ̀ fi ojú inú mi kọ B. Ọ̀gá tó ń tọ́jú iṣẹ́ wa ní ká fi ránṣẹ́ bó ṣe wà, kí owó má bàa pẹ́. Mo ní rárá, mo kọ̀wé sí dókítà. Ìbéèrè irú èyí ní ìlànà tirẹ̀: a kì í ki ìdáhùn bọ dókítà lẹ́nu. Mo kàn da ọ̀rọ̀ tó kọ padà sí i, mo ní kó ṣàlàyé ipò tí egungun wà nígbà tí aláìsàn dé. Ó fèsì, ó sì fi àfikún sí ìwé rẹ̀: egbò kan egungun náà. Ẹlòmíràn tún ti kọ 21110 mọ́ ọn lórí, nítorí pé wọ́n de eyín. Mo yọ ọ́. 21110 wà fún dídè eyín nítorí nǹkan mìíràn tí kì í ṣe egungun tó kán. Wọ́n san owó náà láìsí àríyànjiyàn.

Ẹ̀yin tó ń kọ́ṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe rò pé nítorí dókítà fi abẹ là á, egungun náà ti di elégbò. Ìjàǹbá ló ń sọ ọ́ di elégbò, abẹ kọ́. Mo ti rí èyí lọ́wọ́ àwọn tó ti pẹ́ níbi iṣẹ́ yìí pàápàá, ó sì máa ń dùn mí, torí aláìsàn ni ìwé rẹ̀ máa ń há sọ́wọ́ ìnṣọ́ránsì.

Ìyá Ìbejì, Oǹdó:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Oǹdó níbí ni tèmi ti ṣẹlẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin jábọ́ lórí ọkadà lójú ọ̀nà Àkúrẹ́, àgbọ̀n rẹ̀ kán ní àárín gbùngbùn. Ní ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tí a gbé e dé, owó ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó mọ̀wé ló sọ fún wọn pé abala 20 nínú òfin ìlera ti ọdún 2014 kò fàyè gba kí wọ́n kọ ẹni tó wà nínú pàjáwìrì. Wọ́n gbà á wọlé. Ẹ jẹ́ ká máa sọ òfin yẹn jáde lẹ́nu, ó ń ṣiṣẹ́.

Ibòmíràn ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Àwa fúnra wa la ra pléètì lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń gbé e wá. Mo yẹ̀ ẹ́ wò nínú ọ̀rá kékeré rẹ̀: kò gùn ju oríkèé ìka mi kan lọ, ihò mẹ́rin ló wà lára rẹ̀. Pléètì méjì, skúrù mẹ́jọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dá a sílẹ̀, mo tún rí owó pléètì nínú bíìlì! Èmi ò pariwo. Mo mú rìsíìtì wa lọ bá akáwó, mo ní kí wọ́n bá mi wo ohun tí dókítà kọ. Ó kọ ọ́ kedere: pléètì méjì, skúrù mẹ́jọ, ẹbí aláìsàn ló rà á. Wọ́n yọ owó náà kúrò níṣojú mi. Ká ní dókítà yẹn kọ "a tún àgbọ̀n ṣe" lásán ni, ta ni ì bá gbà mí gbọ́?

Òṣìṣẹ́ àkọsílẹ̀ ìlera, Àkúrẹ́:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire. Ẹ̀ka tí ìwé aláìsàn ń gbà kọjá ni mo wà. Níbí, ICD-10 ti àjọ ìlera àgbáyé la fi ń kọ àìsàn, S02.6 ni àgbọ̀n ìsàlẹ̀ tó kán. A kì í lo CPT. Fún ẹni tó wà lábẹ́ NHIA, àjọ ìnṣọ́ránsì ìlera ti ìjọba àpapọ̀, iye owó tí NHIA là sílẹ̀ ni HMO, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ìnṣọ́ránsì ìlera, fi ń sanwó, aláìsàn á sì san ìdá 10 nínú 100 owó oògùn. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni kóòdù àṣẹ, ìyẹn nọ́ńbà tó fi hàn pé HMO ti gbà láti sanwó. Iṣẹ́ abẹ irú èyí nílò rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ HMO, àwọn ẹbí kì í sì í mọ̀ títí aláìsàn á fi wọ tíátà. Ẹ béèrè fún un, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ síbi tí kò ní sọnù. Mo ti rí ẹni tó san gbogbo owó rẹ̀ lápò ara rẹ̀ nítorí pé kò sẹ́ni tó gba kóòdù yẹn fún un, ó sì ti ń dáwó ìlera lóṣooṣù láti ọdún pípẹ́.

Ará Ọba-Ilé:

Ẹ ṣeun gan-an. Ohun tí Ìyá Ìbejì ṣe yẹn, iṣẹ́ mi gan-an nìyẹn: ká padà sí ohun tí dókítà kọ. Fún àwọn tó ń béèrè bí wọ́n ṣe lè bẹ̀rẹ̀: ẹ kọ́kọ́ kọ́ egungun orí àti ojú ní àkọ́sórí kí ẹ tó fọwọ́ kan ìwé kóòdù. Ẹ rántí pé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ bíi 21462, àbẹ̀wò tí aláìsàn ń ṣe sọ́dọ̀ dókítà yẹn kan náà fún ọjọ́ 90 lórí iṣẹ́ abẹ yẹn ti wà nínú owó àkọ́kọ́, ẹ má tún bèèrè fún un. Ẹ má sì ra ìwé ọdún tó kọjá nítorí pé ó rọjú. CPT tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, ICD-10-CM ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá.