Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìwé kíkọ ti fẹ́ sú mi nínú ẹgbẹ́ wa

Ọmọ Ìdénà (Kétu):
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀, ẹ forí jì mí, inú ló ń bí mi.

Mo wà nínú ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé Yorùbá kan tó ń pàdé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe ní Kétu níbí, nílẹ̀ Benin. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Pobè á mọ ohun tí ojú ń rí kéèyàn tó débẹ̀ kó sì tún padà lọ́jọ́ kan náà. Owó ọkọ̀ àti owó zémì, ìyẹn ọ̀kadà, n ò tilẹ̀ ní í ka ìyẹn. Èyí tó ń dùn mí ni pé láti ìgbà tí òjò ti dá, bí mo bá fi ìtàn ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́, kẹ́kẹ́ á pa. Wọ́n ń kà á o, mo ń rí i pé wọ́n kà á. Kò ní pẹ́ tí ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé á fi ewì ìlà mẹ́rin nípa òṣùpá ránṣẹ́, kí ẹ wá wo àtẹ́wọ́! "O káre." "Kalámù rẹ ò ní gbẹ." Àwọn kan náà tí wọn ò rí èsì fọ̀ sí tèmi.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ dá mi lóhùn tẹ́lẹ̀. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀. Ní báyìí, bí mo bá kí i, "ẹ ǹlẹ́" lásán ni.

Kíláàsì àwọn àgbà ni mo ti kọ́ Yorùbá kà, ɛ àti ɔ ni wọ́n fi kọ́ wa. Wọ́n ní kí n yí i sí ẹ àti ọ, mo yí i. Wọ́n ní ìtàn mi ń gùn jù, mo gé e. Kí ló tún kù? Abẹ́ aṣọ oníbàárà ni mò ń fi ìwé àjákọ sí, ìgbà táwọn ọmọ iṣẹ́ bá lọ jẹun ni mo ń rójú kọ ọ́. Báwo lẹ̀yin ṣe ń rí ọkàn kọ̀wé nígbà tí ẹnikẹ́ni ò kà yín sí? Ṣé kí n kúrò níbẹ̀ ni?

Ìyá Àlájà Wàǹdó (Àjàṣẹ́):
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Má kúrò. Èmi ò sí nínú ẹgbẹ́ kankan, mo sì ń kọ. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kí àwọn ọmọ-ọmọ tó jí, ojú ewé kan péré. Ọjọ́ tí nǹkan ò bá wá, mo máa ń kọ ohun tí mo gbọ́ lọ́jà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, àní bó ṣe èébú. Èébú wúlò gan-an. Nígbà tí bàbá àwọn ọmọ wà láyé, ó máa ń rò pé gbèsè oníbàárà ni mò ń kọ, inú rẹ̀ á máa dùn! Ọjọ́ tó ka ohun tí mo kọ nípa àbúrò rẹ̀, hmm. Ìyẹn ọjọ́ mìíràn. Ní àná yìí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ya ojú ewé mi méjì fi nu ọwọ́ àkàrà. Ta ni màá bá jà? Mo tún un kọ.

Olùkọ́ Ṣábẹ̀ẹ́:
Arákùnrin, jẹ́ kí n bi ọ́. Ìwọ ńkọ́, ṣé o ń dá àwọn yòókù lóhùn? Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèǹgbè. Èèyàn pọ̀ tó máa ń ju ìtàn sílẹ̀, tó sì máa ń sá lọ dúró de ìyìn.

Ẹ̀ẹ̀kejì, kí lo ń kọ sábẹ́ ìtàn náà bó o bá fi ránṣẹ́? "Ẹ kà á" kì í ṣe ìbéèrè. Bi wọ́n ní ohun kan pàtó: ṣé ẹ mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níhìn-ín? Níbo ló ti sú yín? Wá ẹni méjì péré tí ẹ ó jọ máa ka iṣẹ́ ara yín, kí olúkúlùkù máa ka ti ẹnì kejì sókè kí òǹkọ̀wé gbọ́ ọ. Ibi tí ahọ́n òǹkàwé bá ti kọsẹ̀, gbólóhùn ibẹ̀ fẹ́ àtúnṣe nìyẹn. Àwùjọ WhatsApp ò lè ṣe ìyẹn fún ọ láyé.

Ọmọ Èkó:
Ẹ jọ̀ọ́, ɛ wo la tún ń sọ? Ṣé ẹ àti ọ ò tó wa ni? Bóyá ohun tó ń lé òǹkàwé sá nìyẹn.

Olùkọ́ Ṣábẹ̀ẹ́:
Ọmọ Èkó, rọra. Láti 1975 ni ìjọba wa níbí ti fi álífábẹ́ẹ̀tì kan lélẹ̀ fún gbogbo èdè ilẹ̀ Benin, wọ́n tún un ṣe ní 1990, wọ́n sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i ní 2008. Ibi tí ẹ̀yin ará Nàìjíríà ti ń kọ ṣ, sh la ń kọ. Ibi tí ẹ ti ń kọ p, kp la ń kọ. Kò sí èyí tó ti ọ̀run wá nínú méjèèjì.

Ọmọ Èkó:
Ẹ̀gbọ́n, mi ò sọ pé ó ti ọ̀run wá. Mo ní ta ni yóò kà á ní Ìbàdàn.

Olùkọ́ Ṣábẹ̀ẹ́:
Ṣé Ìbàdàn nìkan ló ń kàwé ni?

Ìyá Àlájà Wàǹdó:
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ gbé e kalẹ̀. Ọmọ yìí ń sunkún, ẹ̀ ń pín kp.

Ọmọ Ìdénà:
Ẹ ṣeun, Ìyá. Olùkọ́, mo ń dá wọn lóhùn o, mo máa ń fi àtàǹpàkò ránṣẹ́. Ṣé ó dìgbà tí mo bá kọ ìwé lé ìwé lórí ni? Ọ̀rọ̀ ẹni méjì yẹn dáa, ṣùgbọ́n akọ̀wé ni màá fi ṣe ẹnì kan, òun náà ló sì ń sá fún mi yìí. Mo ṣáà mọ̀ pé ìtàn mi dáa. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pa ẹ̀rọ nígbà tí mo kà á fún wọn.

Àbíkẹ́ Ìfọ̀nyìn:
Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìtàn wo gan-an ni? Kí ló dá lé? Gbogbo wa ń dá a lámọ̀ràn láti àárọ̀, kò sẹ́ni tó bèèrè.

Ọmọ Ìdénà:
Ìtàn obìnrin kan tó ń gba àjọ lọ́jà ni. Ó ń ta abọ́ onírin, ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ búlúù, ó ní eyín wúrà kan níwájú. Ó kó owó àjọ jẹ, ó sì sá lọ sí Gàbọ́ọ̀nù lóru. Apá mẹ́ta ni, mo ti fi méjì ránṣẹ́. Kì í ṣe àròsọ lásán o, ó ṣẹlẹ̀.

Àbíkẹ́ Ìfọ̀nyìn:
Ó ṣẹlẹ̀ sí ta?

Ọmọ Ìdénà:
Ṣé ìyẹn ṣe pàtàkì ni? Mo ti yí orúkọ padà.

Àbíkẹ́ Ìfọ̀nyìn:
Sà, sí ta?

Ọmọ Ìdénà:
Àbúrò akọ̀wé wa ni. Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ kan tí a jọ jẹun lẹ́yìn ìpàdé. Kò ní kí n má sọ ọ́.

Olùkọ́ Ṣábẹ̀ẹ́:
Háà! Gbogbo ìmọ̀ràn tí mo ti kọ láti àárọ̀, mo kó o padà. O gbé ìtìjú èèyàn lọ sínú fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, o wá ń bèèrè ìdí tí kò fi pàtẹ́wọ́!

Ọmọ Èkó:
Èmi ò gbà. Níbo ni òǹkọ̀wé á ti rí ìtàn bí kò bá jẹ́ lára àwọn tó mọ̀? Bó bá ń dun akọ̀wé, kó la ẹnu. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ gbogbo ẹgbẹ́ yẹn, ojo ni.

Ọmọ Ìdénà:
Ọmọ Èkó, o ṣeun! Ẹ̀yin ará, Kétu ni mo ti wá. Nílùú tiwa, lóru ẹ̀fẹ̀, ìyẹn alẹ́ orin tó máa ń ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, nínú ọjà gbangba, olówó àti olóyè ni wọ́n ń fi orin bá wí. UNESCO fúnra rẹ̀ kan sáárá sí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001. Kí ló wá dé tí tèmi fi di ẹ̀ṣẹ̀?

Bàbá Ọlọ́gbà (Kétu):
Àbúrò, má fi ẹ̀fẹ̀ bojú. Mo ti gbè lẹ́yìn ẹlẹ́fẹ̀ rí, mo ń gbè é lórin. Ẹlẹ́fẹ̀ kì í ṣí ẹnu láìjúbà. Ó ń júbà àwọn ìyá wa, ó ń júbà àwọn àgbà, ìlú ló sì rán an. Ẹni tí wọ́n ń fi orin bá wí wà lọ́jà níbẹ̀, ó ń gbọ́, ilẹ̀ á mọ́, wọn á jọ tún wo ijó ọ̀sán. Ta ló rán ìwọ? Ta lo júbà? Obìnrin náà wà ní Gàbọ́ọ̀nù.

Ti ìwé kíkọ wàyí. Yọ eyín wúrà yẹn kúrò. Yọ ìlẹ̀kùn búlúù. Sọ ọ́ di ọkùnrin tó ń tọ́jú owó mọ́ṣáláṣí nílùú mìíràn. Bí ìtàn bá ṣì dúró, ìtàn ni. Bó bá wó, òfófó lo ń kọ. Lójú mi, ohun tó ṣòro ni kéèyàn mọ ohun tó wà lọ́kàn obìnrin yẹn lálẹ́ tó ń di ẹrù. Ṣé o kọ ìyẹn?

Ọmọ Ìdénà:
Mo kọ ọ́ pé ó ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá Àlájà Wàǹdó:
Ṣé eyín wúrà lo wí? Pẹ̀lú ìlẹ̀kùn búlúù? Hẹn-ẹn. Mo mọ̀ ọ́n. Owó mi wà níbẹ̀.

Ọmọ Èkó:
Yéèpà!

Ìyá Àlájà Wàǹdó:
Kì í ṣe ẹ̀rín ló ń rín. Ọmọ rẹ̀ ló wà nílé ìwòsàn, ibẹ̀ ni owó náà gbà lọ. Mo bínú, mo ṣẹ́ èpè, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n láti ẹ̀yìn ọdún Iléyá ló ti ń san án padà díẹ̀díẹ̀. Ó ń fi í ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n á wá pín in fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, á máa fàmì sí i. Akọ̀wé yín nìyẹn, àbí? Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wọ dígí?

Ọmọ Ìdénà:
Òun ni. Kò sọ ìyẹn fún mi.

Olùkọ́ Ṣábẹ̀ẹ́:
Ìyá, ẹ forí jì mí, ọ̀rọ̀ yìí ti ń kọjá ibi tí gbogbo ayé ti ń gbọ́.

Ìyá Àlájà Wàǹdó:
Ọjà gbọ́ ọ ṣáájú yín, olùkọ́.

Ọmọ Ìdénà:
Ìyá, ṣé mo lè pè yín? Mo fẹ́ mọ̀ bóyá gbogbo yín lẹ gbà láti dúró de owó yín, àbí àwọn kan kọ̀. Apá kẹta wà lọ́wọ́ mi, n ò tíì fi ránṣẹ́.

Bàbá Ọlọ́gbà (Kétu):
Akọ̀wé ni kó o kọ́kọ́ pè.

Ọmọ Ìdénà:
Kò ní gbé e.

Àbíkẹ́ Ìfọ̀nyìn:
Ẹ lọ sí ìpàdé nígbà náà sà, ẹ tètè débẹ̀ kí àwọn yòókù tó dé.

Ìyá Àlájà Wàǹdó:
Fi nọ́ńbà rẹ ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀. Èmi ni màá pè ọ́, lẹ́yìn ìrun alẹ́, bí mẹ́gà (dátà) bá wà. Apá kẹta yẹn, má fi ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni. Kà á fún mi ná.