Ọ̀fẹ́ inú oore-ọ̀fẹ́: ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gé e kúrò

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa kọ nípa oore-ọ̀fẹ́ kí n tó dá sí i. Wọ́n ní "ọ̀fẹ́" ti bọ́ sọ́wọ́ ayé, ó ti di ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọ̀fẹ́, dátà ọ̀fẹ́, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru ọ̀fẹ́, débi pé bí pásítọ̀ bá pè é lórí pẹpẹ, ohun tí kò níye lórí ni ìjọ ń gbọ́. Wọ́n wá ní kí á fi "inú rere àìlẹ́tọ̀ọ́sí" rọ́pò rẹ̀, bí àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà ti ṣe nínú Bíbélì wọn, tàbí kí á kúkú máa lo "ojúrere". Ẹlòmíì nínú wa dá "èènì" lábàá, pé ọ̀rọ̀ ọjà wa ni, ó sì dùn létí.

Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Ọ̀fẹ́ tí a fẹ́ gé kúrò yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wo "oore" fúnra rẹ̀ ná. Láàárín wa, oore kì í dá rìn. Ẹni tó bá ṣe mí lóore lónìí, bí ilẹ̀ bá ti mọ́ ni mo gbọ́dọ̀ lọ kí i kú oore àná. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ìyá mi ní ìwé kékeré kan tó kọ orúkọ gbogbo àwọn tó náwó fún un sí nígbà tó ń sìnkú bàbá rẹ̀. Inú àpótí aṣọ ló ń tọ́jú rẹ̀ sí, kò sì ní lọ òde ẹnikẹ́ni láì kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Kì í ṣe ahun. Ó mọ̀ pé oore tí a bá gbà, gbèsè ni, kódà bí olóore kò bá béèrè.

Èdè Gíríìkì tí Pọ́ọ̀lù fi kọ̀wé kò jìnnà sí èyí. Charis ni oore, charis náà sì ni ọpẹ́. Níbi tí Bíbélì wa ti kà pé "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run" nínú 2 Kọ́ríńtì 9:15, charis ló wà níbẹ̀. Oore jáde lọ, ọpẹ́ padà wọlé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbé méjèèjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Róòmù, ó já okùn yẹn. Ó ní ẹni tó bá ṣiṣẹ́, a kì í ka èrè rẹ̀ sí oore-ọ̀fẹ́ bí kò ṣe sí gbèsè (Róòmù 4:4), àti pé bí ó bá jẹ́ nípa ti oore-ọ̀fẹ́ ni, kì í ṣe nípa ti iṣẹ́ mọ́ (11:6). Ẹ gbìyànjú láti fi "oore" nìkan ka ẹsẹ méjèèjì yìí fún ẹni tó mọ ìwé ìyá mi. Kò ní yé e, torí oore àti gbèsè, inú ìwé kan náà ni wọ́n wà. Ọ̀fẹ́ ló fa ìwé náà ya.

Ẹ sì wo Róòmù 3:24: "a ń dá wọn láre lọ́fẹ̀ẹ́ nípa oore-ọ̀fẹ́ rẹ̀". Ọ̀rọ̀ méjì ni Gíríìkì lò níbẹ̀, dōrean àti charis, wọn kò sì bá ara wọn tan rárá. Nínú Yorùbá, wọ́n bá ara wọn tan: lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀fẹ́. Ohun tí Pọ́ọ̀lù tẹnu mọ́ ni èdè wa mú kí etí gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì nínú gbólóhùn kan. Bí a bá kọ "lọ́fẹ̀ẹ́ nípa inú rere àìlẹ́tọ̀ọ́sí", ìtumọ̀ kò sọnù, ṣùgbọ́n a pàdánù agogo yẹn.

Lẹ́tà sí àwọn ará Róòmù yìí wà lára ohun tí Ajayi Crowther kọ́kọ́ túmọ̀ tó sì tẹ̀ jáde, ní 1850. Ọkùnrin tí ogun kó ní Òṣogùn ní 1821 ni, tí ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ lórí òkun ní 1822. Nígbà ayé rẹ̀, owó ni ẹbí fi ń ra ẹni tí ogun kó padà. Kò sẹ́ni tó san owó fún tirẹ̀, òun náà kò sì ṣiṣẹ́ fún un. Mi ò lè ka irú ẹsẹ yẹn lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kí n sọ pé ọ̀fẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ pẹ́pẹ̀pẹ́.

Èènì dùn, mo gbà. Ṣùgbọ́n ta ló ń gba èènì? Ẹni tó ti ra gààrí ni. Ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ lápò kì í dé ìdí igbá débi tí wọn yóò fi bu èènì fún un. Ojúrere ní ipò tirẹ̀, Nóà rí i lójú Olúwa, ṣùgbọ́n a lè fi ẹ̀bùn wá ojúrere: Jákọ́bù kó 200 abo ewúrẹ́ ṣáájú ẹran tó kù ránṣẹ́ sí Ísọ̀ nítorí rẹ̀. Ní ti àìlẹ́tọ̀ọ́sí, òótọ́ ni, àmọ́ ẹni tó ń gbà ló ń wò, àbùkù rẹ̀ ló ń kà. Ọ̀fẹ́ ń wo ọwọ́ ẹni tó ń fún ni.

Ṣé ọ̀fẹ́ wá túmọ̀ sí pé kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan? Àwọn tó wọ ilé ìwé nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní January 1955 mọ̀ pé wọn kò san owó ilé ìwé. Àwọn òbí tó san owó orí mọ ibi tí owó náà ti wá. Ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ọmọ, ìnáwó lọ́rùn ẹlòmíì. Ohun tí 2 Kọ́ríńtì 8:9 sọ nìyẹn: Jésù tó jẹ́ ọlọ́rọ̀ di tálákà nítorí yín.

Ohun tó ń dùn mí jù ni èyí tí ẹ̀gbọ́n wa kò mẹ́nu bà. A ti ń fi oore-ọ̀fẹ́ ṣe àǹfààní: "mo ní oore-ọ̀fẹ́ láti bá gómìnà jẹun." A sì ti sọ gíréèsì di agbára tí ẹnì kan ní ju ẹnì kejì lọ: "gíréèsì tó wà lórí bàbá kò kéré." Ibẹ̀ ni ọ̀fẹ́ ti kú pátápátá, torí ohun tí a fi ń yangàn ti di ohun ìní. Pọ́ọ̀lù tí a sọ fún pé "Oore-ọ̀fẹ́ mi tó fún ọ", inú àìlera ló ti gbọ́ ọ, lẹ́yìn tó ti bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tí ẹ̀gún inú ara rẹ̀ kò kúrò (2 Kọ́ríńtì 12:7-9).

Ibì kan wà tí mo ti gbà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n wa, ìyẹn Lúùkù 1:28, níbi tí áńgẹ́lì ti kí Màríà. "O kún fún oore-ọ̀fẹ́" ni àwọn Kátólíìkì ń kà sí Màríà. Bíbélì Mímọ́ ní "ìwọ ẹni tí a kọjú sí ṣe ní oore". Kò sí ọ̀fẹ́ nínú èkejì yìí, síbẹ̀ mo rí ojú tó yí padà wá sọ́dọ̀ ọmọbìnrin ará Násárẹ́tì kan tí kò pe ẹnikẹ́ni. Bí a bá fẹ́ wá ọ̀rọ̀ tuntun, ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti inú "kọjú sí" yẹn. Kí ni àwa tó gbọ́ Gíríìkì lè rí síbẹ̀?